Epo Pupa, Oyin àti Ọ̀rọ̀ ‘Ìki’: Ọjọ́ Kan ní Ibùdó Ojúmọmọ Àwọn Ọmọdé

Láti ìgbà tí a ti ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá, àwọn àgbà ni a máa ń pè jókòó láti sọ èyí tí ó dára nínú wọn àti èyí tí kò dára. Olùkọ́ èdè yóò wá, onímọ̀ físíìsì yóò wá, ògbufọ̀ yóò wá. A óò jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, a óò sì kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ọmọ tí a torí rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ náà kì í sí níbẹ̀. Ní àárín oṣù Kẹjọ ọdún 2025, mo lo ọjọ́ kan gbáko láàrin àwọn ọmọ mẹ́tàlélógún tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún mẹ́rin sí méje, ní ibi kan ní ìlú Ìbàdàn tí wọ́n ti ń kó wọn jọ nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi fọwọ́ sí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ó ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀ lójú mi. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú orúkọ ibi náà. Àwọn òbí tí ń kó ọmọ wọn wá ń pè é ní ‘sọ́mà lẹ́sìn’. Bí a bá wo orúkọ yìí dáadáa, yóò pa ni lẹ́rìn-ín, nítorí pé àsìkò ooru ni sọ́mà jẹ́ ní ilẹ̀ àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹjọ ní Ìbàdàn ni ojú ọjọ́ máa ń ṣú dùdù, tí àwọn ọmọ máa ń wọ súwẹ́tà wá. Àwọn mìíràn ń pè é ní àgọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn ń sùn mọ́jú ni à ń pè ní àgọ́, àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sì í sùn níbẹ̀: aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n ń dé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ‘jẹ́lé-ó-sinmi’ ti fi ọ̀nà hàn wá. Kò wo bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe pè é, ohun tí ilé ń jèrè níbẹ̀ ni ó wò. Bí mo ti ń ronú báyìí ni mo ṣe dá ‘ibùdó ojúmọmọ’ lábàá, kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ibùdó tí ọmọ ń sùn sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, kò ní dùn mí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ náà ni òjìji. Kí n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan fún àwọn tí ń tẹ ìwé: bí ẹ bá fi àmì ohùn òkè sí orí sílébù ìkẹyìn ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ti sọ ọ́ di òjìjí, ẹja inú odò tí ń gbọn ọwọ́ apẹja. Wọ́n ti gbé ọ̀pá kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan nàró sí àárín pápá. Nígbà tí oòrùn yọjú díẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji ọ̀pá náà parí sí, wọ́n sì fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó gùn ju ọ̀pá fúnra rẹ̀ lọ, ó tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Ní aago méjìlá ọ̀sán, ó ti kúrú dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélógún. Olùkọ́ kan béèrè bóyá òjìji ti kúrú tán, gbogbo wọn sì dáhùn pé ó ti kúrú tán, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé aago méjìlá ni ọ̀sán gangan.

Ṣùgbọ́n kò tíì kúrú tán. Nígbà tí ó fi máa kù díẹ̀ kí aago kan lù, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjìlá péré ni ó ṣẹ́kù, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí gùn. Ìdí rẹ̀ ni pé aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò bá ìlà òró kẹẹ̀ẹ́dógún mu, èyí tí ó jìnnà sí Ìbàdàn ní ìhà ìlà-oòrùn. Oòrùn kì í sì í kàn wá tàrí ní Ìbàdàn títí aago méjìlá yóò fi kọjá ní ìṣẹ́jú bíi márùndínláàádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oṣù náà. Ohun mìíràn tún wà tí ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọ ṣe tètè rí i. Ìhà gúúsù ni òjìji náà nà sí ní ọ̀sán. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí a kọ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ilé-ìwé wa ń rà, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìhà àríwá ni òjìji ọ̀sán máa ń nà sí. Òtítọ́ ni fún wọn níbẹ̀. Ní tiwa, láti oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán ń gba ìhà àríwá orí wa kọjá. Ẹni tí ó bá túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìdúró wo ilẹ̀ yóò fi Yorùbá tí ó dán mọ́rán parọ́ fún ọmọ. Ní ti ọ̀rọ̀ ìperí, èrò mi ni pé kí a fi ‘ọ̀sán gangan’ sílẹ̀ fún ìgbà tí òjìji kúrú jù lọ, kí a sì máa pe ti aago ní ‘aago méjìlá ọ̀sán’. Èdè wa ti ní méjèèjì. Àwa ni a kàn ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Lẹ́yìn òjìji ti òwúrọ̀, kí ọ̀sán tó dé, ni wọ́n gbé ọpọ́n omi ńlá kan kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Olùkọ́ tí ó ń darí eré náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó kàwé, ó sì ní ẹ̀dà àkójọ ọ̀rọ̀ tiwa lọ́wọ́. Ó kó nǹkan jọ: ìṣó, òkúta wẹ́wẹ́, pákó kan tí ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè dá gbé, igbá, ọsàn méjì tí ó bó ọ̀kan nínú wọn, tí kò sì bó èkejì. Kí wọ́n tó ju ohunkóhun sínú omi, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sọ bóyá yóò rì tàbí yóò léfòó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwúwo ni gbogbo wọn fi ń dájọ́. Wọ́n ní pákó yóò rì nítorí pé ó wúwo, ìṣó yóò léfòó nítorí pé ó fúyẹ́. Pákó léfòó. Ìṣó rì. Ọsàn tí a kò bó léfòó, èyí tí a bó rì, bẹ́ẹ̀ èyí tí a kò bó ni ó wúwo jù. Ariwo ta. Ìdí tí ọsàn fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú èèpo rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà kò tíì fẹ́ kí wọ́n mọ ìyẹn. Ohun tí ó fẹ́ ni kí wọ́n rí i pé ìwúwo nìkan kò tó.

Ìgbà náà ni ó mú ọ̀rọ̀ wa jáde. Ó ní, “Ẹ fetí sílẹ̀. Kì í ṣe ìwúwo nìkan. Ìki ni. Ohun tí ó bá ki ju omi lọ a rì. Ohun tí kò bá ki tó omi a léfòó.” Àwọn ọmọ náà tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tí mo jókòó sí. Nínú àkójọ wa, ‘ìki’ ni a fi túmọ̀ ohun tí onímọ̀ físíìsì ń wá nígbà tí ó bá pín ìwúwo nǹkan sí ààyè tí nǹkan náà gbà. Mo rántí ọjọ́ tí a fọwọ́ sí i. Ẹnìkan sọ pé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó dùn ún pè, ìdílé rẹ̀ sì wà nínú èdè. À ń sọ pé ọbẹ̀ ki, à ń sọ pé ògì ki. A ò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin kan tí ó ti pé ọdún mẹ́fà dìde. Ilé oúnjẹ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, bí mo ti gbọ́ lẹ́yìn náà. Ó ní, “Àǹtí, epo pupa ńkọ́? Epo ki ju omi lọ. Ṣùgbọ́n orí omi ni epo máa ń wà.”

Olùkọ́ náà wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀. Kí ni ọmọ yìí ṣe tí kò tọ́? Ó gba ọ̀rọ̀ tí a fún un, ó lò ó gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń lò ó ní ìdí ààrò, ó tẹ̀lé òfin náà láìyẹsẹ̀, òfin náà sì gbé e dé ibi irọ́. Ní òwúrọ̀ oṣù Kẹjọ, epo pupa a máa dì díẹ̀, a sì máa ki gan-an. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ti se ọbẹ̀ rí tí kò mọ̀ pé òkè ni epo ń wà.

Wọ́n lọ bu epo wá láti ilé ìdáná. Olùkọ́ náà, tí mo gbọ́dọ̀ yìn, tún ní kí wọ́n gbé oyin wá. Wọ́n da epo sínú ife omi kan, wọ́n da oyin sínú èkejì. Epo gòkè, oyin lọ sí ìsàlẹ̀ ife pátápátá. Ohun méjì tí ó ki, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè jiyàn pé wọn kò ki, ọ̀kan léfòó, èkejì rì. Bí a bá wá ọ̀nà láti fi han ìgbìmọ̀ àwọn àgbà pé ọ̀rọ̀ wọn kò dára, mi ò rò pé a lè rí èyí tí ó yára jù báyìí lọ.

Ọmọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ ni ó sọ pé kí wọ́n wọ̀n wọ́n wò. Wọ́n ní ìwọ̀n alábọ́ méjì kan tí wọ́n fi igi ìfaṣọkọ́ àti okùn ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ni kò gbà. Ó ní wọn kò lè wọ̀n wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí pé epo tí wọ́n bù kò pọ̀ tó oyin. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n kún agolo kan náà.” Agolo mílíìkì kékeré ni wọ́n lò. Wọ́n bu omi kún un, wọ́n bu epo kún irú rẹ̀, wọ́n bu oyin kún irú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ epo fò sókè nígbà tí wọ́n gbé e ko ti omi. Ẹ̀gbẹ́ oyin lọlẹ̀. Ọmọbìnrin náà sì sọ ọ́ báyìí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: “Agolo oyin wúwo ju agolo omi lọ, ìyẹn ló fi rì. Agolo epo kò wúwo tó agolo omi.”

Kò sí ohun tí ó kù nínú ìtumọ̀ tí onímọ̀ físíìsì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí kò sí nínú gbólóhùn yẹn. Ìwúwo wà níbẹ̀, ìdọ́gba ààyè wà níbẹ̀, ìfiwéra pẹ̀lú omi wà níbẹ̀. Ọjà ni ó ti kọ́ ọ. Ní Ìbàdàn, kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gaàrí àti ìrẹsì, gbogbo ọmọ tí ó bá ti tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà ni ó sì mọ̀ pé kóńgò gaàrí àti kóńgò ìrẹsì kì í wúwo bákan náà lórí ẹni. Ó tún mọ̀ pé kóńgò tí wọ́n ti lù ní ìdí wọlé kì í ṣe kóńgò, ìjà tí ó máa ń tẹ̀lé e sì kọ́ ọ pé òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà fi ẹnu kò lórí òṣùwọ̀n tiwọn: àpótí kékeré kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Omi tí ó kún irú àpótí bẹ́ẹ̀ jẹ́ gíráàmù kan. Epo pupa tí ó kún un kò pé gíráàmù kan, nǹkan bíi 0.9 ni, oyin jẹ́ nǹkan bíi 1.4.

Nítorí náà ni mo ṣe ń dámọ̀ràn pé kí a pa ‘ìki’ rẹ́ níbi tí a kọ ọ́ sí, kí a sì fi ‘ìwúwo òṣùwọ̀n’ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo sọ ọ́ fún ṣe àròyé pé ó gùn, àti pé òṣùwọ̀n tún lè jẹ́ ohun èlò tí a fi ń wọn nǹkan. Òtítọ́ ni èkejì, ó sì yẹ kí a rò ó. Ní ti gígùn, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni a mú lọ síbẹ̀ ní ìjẹta, a sì rí ohun tí ó ṣe. ‘Ìki’ fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀bi kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ wà nílẹ̀ tí kò tíì rí ẹni ṣe é: bí nǹkan olómi ṣe ń lọ́ra láti ṣàn. Epo ki, oyin ki, omi kò ki. Ẹ yí ife, ẹ ó rí i. Níbẹ̀ ni kí a fi í sí.

Mo ti jókòó pẹ́ lórí èyí. Kí n sáré gba ti ìyókù ọjọ́ náà kọjá. Eré ayò wà, níbi tí àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ ti kà á pé ihò méjìlá, tí ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin wà nínú rẹ̀, jẹ́ méjìdínláàádọ́ta, tí wọ́n sì ń jiyàn ìdí tí a fi ń yọ méjì kúrò nínú àádọ́ta dípò kí a fi mẹ́jọ kún ogójì. Òòfà wà pẹ̀lú. Ọmọ kan kò fẹ́ fọwọ́ kàn án, nítorí pé nínú fíìmù tí ó wò, oògùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti torí irú èyí sọ pé kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi kò rí ìdí rẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni ‘fà’, ohun tí irin náà sì ń ṣe sí ìṣó kò ju fífà lọ. Lẹ́yìn tí ọmọ náà ti fi í kó ìṣó mẹ́wàá nílẹ̀, tí idẹ kò sì tẹ̀lé e, ẹ̀rù kò bà á mọ́.

Wọ́n tún gbé ìgò sóbò tútù kan jáde láti inú yìnyín. Láìpẹ́, omi bo ara ìgò náà. Àwọn ọmọ ní ìgò ń làágùn. Ọ̀rọ̀ náà dára létí, ṣùgbọ́n inú ara ni òógùn ti ń jáde, ó sì lè mú kí ọmọ rò pé inú ìgò ni omi náà ti wá. Olùkọ́ fi áńkáṣíìfù funfun nù ún. Pupa ni sóbò. Áńkáṣíìfù kò yí padà. Níbo wá ni omi náà ti wá? Ọmọ kan ní ìrì ni. Òmíràn ní àárọ̀ ni ìrì máa ń sẹ̀, kì í ṣe ọ̀sán. Mo fara mọ́ ti ẹni àkọ́kọ́. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lára koríko tútù ní òwúrọ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ lára ìgò tútù ní ọ̀sán: oru omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ di omi padà. ‘Ìrì sẹ̀’ ni kí a máa sọ, kí a sì mú ‘ìsẹ̀rì’ jáde láti inú rẹ̀.

Ohun kan ni mo bá wọn wí nípa rẹ̀. Kí wọ́n tó jẹ ẹ̀wà àti dòdò, wọ́n bu ata gbígbẹ lílọ̀ sí ojú omi nínú àwo, wọ́n ní kí ọmọ kan fi ìka tí ó ní ọṣẹ tọ́ ọ, ata náà sì sá lọ sí etí àwo. Wọ́n ní báyìí ni kòkòrò àrùn ṣe ń sá fún ọṣẹ. Inú àwọn ọmọ dùn, wọ́n sì fọ ọwọ́ wọn dáadáa, èyí tí kò burú. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kò lé ata. Ojú omi dàbí awọ tí a fà le; ọṣẹ mú kí ó dẹ̀ ní ibi tí ìka kàn, ibi tí kò tíì dẹ̀ sì fa ata lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Èyí lẹ́wà ju ìtàn kòkòrò tí ń sá lọ. Àti pé ọmọ mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n ń wá kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà nínú àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà, ‘kòkòrò’, yóò tún gba ìjókòó mìíràn.

Nígbà tí ó di aago mẹ́rin, ìyá ọmọbìnrin onípépo náà dé. Ọmọ náà ń ròyìn agolo àti oyin bí wọ́n ti ń rìn bọ̀. Ìyá kí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ má bínú o, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ní ilé-ìwé rẹ̀. Kí ni wọ́n ń pe ohun tí ó ń sọ yìí lédè òyìnbó?” Mo sọ ọ́ fún un. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí ọmọ náà tún un pè. Ọmọ náà pè é, ó sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

N kò lè dá ìyá náà lẹ́bi. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Stephen’s ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, irú ìbéèrè yìí ni àwọn òbí ń béèrè. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbẹ̀wò mi yìí, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé a ti fagilé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ilé-ìwé máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Abẹ́ igi máńgòrò bíi ti ibùdó yìí, níbi tí kò sí ìdánwò, ni ó wá ṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti lè rí ọmọ tí yóò dán ọ̀rọ̀ wa wò, àwọn ìwé wa lórí èdè-ìperí tí ó jáde ní ọdún 1984 àti 1990 sì jẹ́ ti èdè àti lítíréṣọ̀ ju ti sáyẹ́ǹsì lọ. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tí a jọ ṣe àkójọ náà. Báyìí ni mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí ojú ìwé náà kà. Ìki: bí ohun olómi ṣe ń lọ́ra tó láti ṣàn. Ìwúwo òṣùwọ̀n: ìwúwo ohunkóhun bí a bá bù ú kún òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dán wọn wò wá agolo mẹ́ta tí ó dọ́gba, epo, oyin àti omi, kí ó sì fi ohun tí àwọn ọmọ bá sọ ránṣẹ́ sí wa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an, láìtún un ṣe.